Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà àti Bíbélì lọ sí Kibera

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá nǹkan fi ìdí lé, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ ti ń fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi: àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n lọ wàásù nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n to àwọn ọmọ tí kò wọ bàtà, tí wọ́n ń pín bisikíìtì fún wọn, tí orin arò sì ń dún lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ sí i, torí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ fídíò ni mo fi ń jẹun, ẹ sì mọ̀ pé èmi náà ti lọ irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò ní bú àwọn ọmọ yẹn. Ara mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mò ń lọ ná, kí ẹni tí kò bá ráyè kà á tán má sọ pé mo tan òun. Èrò mi rèé: ẹni tó bá lọ wàásù láàárín àwọn tálákà nílùú onílùú, tó ń fún wọn ní nǹkan láàárọ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, tí kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan, onítọ̀hún ò tíì ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ìran ló lọ wò. Ìran wíwò sì lè ba ilé onílé jẹ́. Mo mọ̀, torí mo ti bà á jẹ́ rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ.

Ọdún kejì tí mo jáde yunifásítì ni ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ nígbà náà kó àwa mẹ́rìnlá lọ sí Nairobi, ní Kenya. Ọ̀sẹ̀ méjì la fẹ́ lò. Àdúgbò kan tó ń jẹ́ Kibera ni iṣẹ́ wa wà. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ya fídíò. Inú mi dùn débi pé mo ra kámẹ́rà láwìn.

Oṣù Keje ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé òtútù máa ń mú ní Nairobi lóṣù Keje. Ìlú yẹn ga, ó fi ohun tó lé ní 1,600 mítà ga ju òkun lọ. Èmi ọmọ Èkó kó aṣọ péńpé dání, torí lójú tèmi, Áfíríkà ni Áfíríkà ń jẹ́, oòrùn náà ló máa wà níbẹ̀. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ni mo ti ṣi ìlú olówó mọ̀, mo sì ń bọ̀ wá kọ́ wọn ní òtítọ́. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.

Níbi ìpàdé ìmúrasílẹ̀, wọ́n sọ fún wa pé Kibera ni àdúgbò tálákà tó tóbi jù ní Áfíríkà, pé àwọn tó ń gbébẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, pé òkùnkùn bo ibẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi "mílíọ̀nù kan" sábẹ́ fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo gbé jáde.

Nígbà tí mo padà délé ni mo tó lọ kàwé. Ìjọba Kenya ka èèyàn ní 2009, bíi 170,000 ni wọ́n sì kà ní Kibera. Àwọn kan jiyàn sí i, lóòótọ́, torí kíka èèyàn níbi tí ilé ti há mọ́ra ò rọrùn. Ṣùgbọ́n 170,000 sí mílíọ̀nù kan, ọ̀nà jìn. Kí ló wá sọ ọ́ di mílíọ̀nù? Èmi rò pé ẹni tó bá ń fi ìyà ẹlòmíràn tọrọ owó, bí ìyà yẹn bá ṣe tóbi tó ni owó ṣe ń wọlé tó. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ irọ́. Mi ò kàn bèèrè ni.

Ohun mìíràn tí mi ò bèèrè ni bí ibẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Nairobi fúnra rẹ̀ ò pẹ́. 1899 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, nígbà tí àwọn òyìnbó ń la ojú irin láti Mombasa lọ sí ìhà Uganda. Àwọn ọmọ ogun tó ti ìhà Sudan wá, tí wọ́n bá òyìnbó jagun, tí wọ́n ń pè ní Nubi, ni wọ́n fún nílẹ̀ nínú igbó kan lẹ́yìn ìlú. Ní èdè wọn, igbó ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ ohùn ládàánì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí ẹnu sì yà mí bí ẹni pé ẹnìkan ló ṣi ọ̀nà. Èmi gan-an ni àlejò tó ṣi ọ̀nà.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà ńkọ́? Haà. Lójú ọ̀nà kan ṣoṣo tí a gbà wọlé, mo ka ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́sàn-án. Páànù ni wọ́n fi kọ́ wọn, ìlù ń dún nínú wọn, àwọn obìnrin sì ń gbàdúrà bí àwọn ìyá wa ṣe ń gbà á ní Bàrígà. Ìhìnrere ti débẹ̀, ó ti gbálẹ̀, ó ti gbé àga síta, kí àwa tó dé. Àgbà wa ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mo ní ojú méjì àti kámẹ́rà lé e, mi ò rí nǹkan kan.

Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe pàdé ọ̀rẹ́ mi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá kà á débi kan, ẹ máa mọ ìdí.

Ọjọ́ kẹta la ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìmọ́tótó fún àwọn obìnrin. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ló ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fọwọ́: ọṣẹ, àárín ìka, ẹ̀yìn ọwọ́, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́ ó kéré tán. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn nawọ́. Ó ní, "Omi tí a ó fi fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ta ló máa bá wa rà á?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń túmọ̀ fún wa pàápàá rẹ́rìn-ín, ó wá ń wo ilẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì 20 lítà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ra omi. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ ní lítà kọ̀ọ̀kan, omi tálákà ní Kibera wọ́n ju ti olówó tó ní ẹ̀rọ nílé lọ. Wọn ò ṣaláìmọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn fọwọ́. Ìyá tó ń bọ́ ọmọ mọ̀ ju wa lọ. Àwa la ò mọ iye tí omi ń jẹ́.

Mo wá obìnrin yẹn lọ lẹ́yìn ìpàdé. Ẹgbẹ́ mi ni, ọdún kan ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin ti tó ọdún mẹ́jọ. Mandazi ló ń dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ìyẹn bíi puff-puff tiwa, àmọ́ wọ́n máa ń gé e ní igun mẹ́ta. Ó bù ú fún mi, ó ní, "Karibu, dada."

Mo fọwọ́ kan irun mi. Mo ní èmi ò kì í ṣe dàdá o, irun mi kò ta kókó. Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. Àṣé arábìnrin ni dada ní Swahili. Nígbà tí mo ṣàlàyé dàdá tiwa fún un, ó rẹ́rìn-ín débi pé mandazi kan jóná. Mo fẹsẹ̀ kọ òkúta bí mo ṣe ń dìde, ó sì ní, "Pole." Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ kẹ̀?" Ó ní, "Pole." Mo ní, "Àwa ń pè é ní pẹ̀lẹ́." Àwọn méjèèjì jọra létí, lílò wọn jọra pẹ̀lú. Ìwọ kọ́ lo ti èèyàn ṣubú, o kàn ń bá a kẹ́dùn ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwa méjèèjì ń fi bára wa sọ̀rọ̀ ò ní irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni mò ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí àwọn tókù tó múra tán. Ó fi bí wọ́n ṣe ń gba owó lórí fóònù hàn mí. Látọdún 2007 ni M-Pesa ti wà ní Kenya. Ìyá tó ń ta tòmátì lórí ẹní ń gba owó lórí fóònù nígbà tí àwa ṣì ń tò lórí ìlà ní báńkì. Ó mú mi lọ sí chama rẹ̀. Ẹ ò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n: àwọn obìnrin máa ń dá owó jọ, ẹnìkan á kó o lóṣù yìí, ẹlòmíràn á kó o lóṣù tó ń bọ̀. Àjọ ni! Owó chama ló fi ra àgbá epo àti ìkòkò ìdínǹkan rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ọjọ́ tó mú mi lọ ni ikọ̀ wa ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún àwọn obìnrin yẹn gan-an. Àkọ́lé rẹ̀ ni bí a ṣe ń tọ́jú owó. Ojú tì mí, mo sì ya fídíò rẹ̀.

Ẹ gbọ́, mò ń bọ̀ níbi tó le.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta ká máa lọ, ọ̀rẹ́ mi pè mí wá jẹun nílé rẹ̀. Yàrá kan ni, páànù àti amọ̀, ó mọ́ tónítóní, aṣọ funfun oníṣẹ́ ọwọ́ wà lórí àga. Ó ro ugali, ó se ẹ̀fọ́ sukuma wiki, ó ra ẹran. Ẹran yẹn kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Nítorí tèmi ló fi rà á. Mo bi í bóyá mo lè ya fídíò díẹ̀. Ó ní kò burú. Ohun tó rò ni pé mo fẹ́ fi oúnjẹ tó sè han ìyá mi, torí mo ti sọ fún un pé ìyá mi máa fẹ́ràn ẹ̀fọ́ yẹn.

Mo yọ oúnjẹ kúrò nínú fídíò náà. Mo yọ aṣọ funfun kúrò. Mo fi igun tí páànù ti ya sílẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tí kò wọ bàtà sílẹ̀. Inú ilé ni o! Ta ló ń wọ bàtà nínú ilé? Mo fi orin dùrù sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé, "Bí wọ́n ṣe ń gbé rèé. Ẹ dá sí i."

Ẹ sì dá sí i. Òun ni fídíò mi tó tíì lọ jìnnà jù. Owó wọlé sí àpò ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gba àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tuntun tó ń tẹ̀lé mi. Àwọn kan nínú yín tó ń ka èyí, ibẹ̀ lẹ ti mọ̀ mí. Owó yẹn lọ sórí ìrìn-àjò wa àti tíṣáàtì ọdún tó tẹ̀ lé e. Kọ́bọ̀ kan ò dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Mi ò bèèrè níbẹ̀ náà.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kò pariwo. Ó ní ẹnìkan ti rí fídíò náà, ó sì ti ń lọ láti fóònù dé fóònù. Àwọn ọmọ iléèwé ọmọ rẹ̀ ti ń pè é ní ọmọ tí wọ́n ń fi tọrọ báárà. Ìyá rẹ̀ ní abúlé, ní ìwọ̀-oòrùn Kenya, náà ti rí i. Ó ti ń sọ fún wọn fún ọdún púpọ̀ pé nǹkan ń lọ déédéé, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Wọ́n sunkún lórí fóònù, wọ́n ní kó gbé ọmọ wálé kíákíá.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Dada, ṣé o ti fi yàrá ìyá tìrẹ han àwọn èèyàn yẹn rí?"

Mi ò lè dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tẹ̀lé mi fún ọdún mẹ́rin, ẹ ronú sí i. Ògiri aláwọ̀ ewé yẹn àti òdòdó àtọwọ́dá lẹ́yìn mi lẹ mọ̀. Ilé ọ̀rẹ́ mi kan nìyẹn. Ilé tí wọ́n bí mi sí ní Bàrígà, yàrá mẹ́jọ ló dojú kọ ara wọn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan la jọ ń lò, òjò sì ń jò sórí ibùsùn ìyá mi. Mi ò fi hàn yín rí. Ojú ń tì mí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí àwọn òyìnbó bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ya fọ́tò àwọn ará Makoko, bàbá mi máa ń bínú. Wọ́n á ní, "Ṣé ọgbà ẹranko ni wọ́n pè é ni?" Èmi ọmọ wọn wá wọ bàálù lọ sí ilé ẹlòmíràn, mo sì ṣe ohun kan náà. Àwọ̀ mi bá tiwọn mu, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Ìyẹn ló sì jẹ́ kí tèmi burú ju ti òyìnbó lọ.

Mo pa fídíò náà rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn mìíràn ti gbé e sójú ìwé tiwọn. Ó ṣì wà níta dòní.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn.

"Ṣé kí a má lọ wàásù mọ́ ni?" Rárá. Ẹ lọ. Onígbàgbọ́ ni mí, mo ṣì gbà pé ó yẹ ká lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Jésù ṣe rán àwọn àádọ́rin nínú Lúùkù orí 10. Ó ní kí wọ́n má mú àpò owó, kí wọ́n wọ ilé tó bá gbà wọ́n, kí wọ́n jẹ ohun tí wọ́n bá gbé síwájú wọn. Àlejò tí ebi máa pa tí onílé ò bá ṣàánú rẹ̀ ló rán. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ pàdé obìnrin ará Samáríà lẹ́bàá kànga, omi ló kọ́kọ́ tọrọ. Òun ló kọ́kọ́ nílò nǹkan. Àwa máa ń dé pẹ̀lú omi inú ọ̀rá tiwa, a kì í mu tiwọn.

"Tí kò bá sí fídíò, ibo ni owó ti máa wá?" Èyí ló le jù, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Owó ń ṣe iṣẹ́. Mo mọ àwọn ọmọ tí owó ṣọ́ọ̀ṣì rán lọ sí iléèwé, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè ya bí a ṣe ń gbẹ́ kànga, ẹ lè ya ìwé ìṣirò owó, ẹ lè ya ara yín. Ẹ lè bi èèyàn bí òun ṣe fẹ́ kí wọ́n rí òun. Tó bá jẹ́ pé ìtìjú ọmọ ọlọ́mọ nìkan ló lè mú kí a lawọ́, àwa gan-an ló yẹ ká gbàdúrà fún. Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni Jésù wo èèyàn sàn, tó wá ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ká ní èmi ni mò ń ya fídíò fún un, ì bá ti lé mi lọ.

"Ó gbà ọ́ láyè, kí ló wá ń ṣe ẹ́?" Ó gbà mí láyè láti ya oúnjẹ tó sè fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò gbà mí láyè láti ta òun.

"Ọ̀nà ìwàásù kúkú ni ọ̀rẹ́ ṣíṣe." Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ níbi ìpàdé: ẹ kọ́kọ́ bá wọn ṣọ̀rẹ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wàásù. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú báyìí. Ìjẹ tí apẹja fi sẹ́nu ìwọ̀, ẹja ò mọ̀ pé ìjẹ ni. Ọ̀rẹ́ kì í ṣe ìjẹ. Tí ọ̀rẹ́ mi ò bá gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ títí ayé, ṣé mo ṣì máa pè é lọ́jọ́ ìbí rẹ̀? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ má pe ohun tí mò ń ṣe ní ọ̀rẹ́.

Àwa Yorùbá mọ ìtàn yìí láti ìhà kejì, torí wọ́n ti ránṣẹ́ ìhìnrere sí wa rí. Ní 1853, David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna wá gbé ní Ìbàdàn, ní Kúdẹtì. Mi ò sọ pé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ò lábùkù, wọ́n ní i, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó wọn ò lè dé. Ebi pa wọ́n ní Ìbàdàn bó ṣe ń pa àwọn tó yí wọn ká. Wọ́n ń ta ẹrù inú ilé kí wọ́n lè rí oúnjẹ rà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n wá wàásù fún. Wọn ò lè tẹ ìwé ọkọ̀ òfúrufú lórí fóònù. Mo rò pé nǹkan yí padà láàárín èèyàn nígbà tí ìwọ tó wá fúnni bá dúró lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò rẹ pẹ̀lú àwo òfìfo.

Àwọn ará ibẹ̀ náà ní òwe tiwọn. Ní Swahili, wọ́n ní: mgeni siku mbili, siku ya tatu mpe jembe. Ọjọ́ méjì ni àlejò fi ń jẹ́ àlejò, lọ́jọ́ kẹta, ẹ fún un ní ọkọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì la lò ní Kibera, kò sẹ́ni tó fún wa lọ́kọ̀ọ́. Inú wa dùn sí i, a ní wọ́n mọ àlejò ṣe. Kò yé wa pé wọn ò kà wá mọ́ ara wọn ni.

Mo padà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èmi nìkan, lówó ara mi, láìsí tíṣáàtì, láìsí kámẹ́rà. Ẹ̀bẹ̀ ò ṣeé bẹ̀ lórí WhatsApp. Mo kọ́kọ́ bẹ ọmọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ bí a ṣe ń kúnlẹ̀, ó sì sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, torí kò rí àgbà tó kúnlẹ̀ fún ọmọdé rí. Ìyá rẹ̀ wò mí fún ìgbà pípẹ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Ó ní kí n wá ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì.

Mo dé ibẹ̀ nínú òtútù. Ó gbé ìyẹ̀fun fún mi kí n pò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pò ó. Epo ta sí mi lọ́wọ́, àpá rẹ̀ ṣì wà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mandazi tí mo gé ò ní igun. Ọjọ́ kan, ibà gbé mi dè, àwọn obìnrin chama dá owó, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n san án. Mo fẹ́ dá owó náà padà, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí n jẹ àwọn ní gbèsè ná.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún ló ń wẹ òsì, òsì náà ló ń wẹ ọ̀tún, tí ọwọ́ méjèèjì fi ń mọ́. A gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọwọ́ fífọ̀ lọ sí Kibera, a ò sì rántí òwe tí a bá délé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìn-àjò lọ́wọ́, ẹ gbọ́ ti àbúrò yín yìí. Ẹ kọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn kí ẹ tó lọ, ó tó kí wọ́n lè fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ bèèrè bí àdúgbò náà ṣe bẹ̀rẹ̀, àti àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ Ọlọ́run níbẹ̀, kí ẹ sì lọ jókòó lábẹ́ wọn. Ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wọn, ẹ má kó ti Èkó lọ pín kí ẹ wá ba ọjà àwọn tó ń tà á níbẹ̀ jẹ́. Tí wọ́n bá se oúnjẹ, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ má ya fọ́tò ọmọ tí ẹ ò ní lè jókòó ti ìyá rẹ̀ kí ẹ fi hàn án. Tí ọ̀sẹ̀ méjì péré bá wà fún yín, ẹ pè é ní àbẹ̀wò, ẹ má pè é ní iṣẹ́ ìhìnrere. Àbẹ̀wò náà dáa. Ẹ sì padà lọ.

Mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kí n tó gbé e síbí, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un lórí fóònù ní ìpín kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n yọ ibì kan kúrò, mo yọ ọ́. Ẹ má bi mí ohun tó jẹ́. Ó ní kí n sọ fún yín pé ọmọ òun gba ipò kejì ní kíláàsì rẹ̀ lọ́dún yìí. Ó tún ní kí n kọ ọ́ pé mandazi dùn ju puff-puff lọ.

Mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni.